Nígbà tí Ìdíje Bá Kásẹ̀ Nílẹ̀: Ohun tí Ara Eléré Triathlon Ń Ṣe ní Ìgbà Ọ̀gìnnìtìn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, ìdíje triathlon inú adágún àti etí òkun náà ń kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó fi gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lúwẹ̀ẹ́, gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì sáré, á fi omi ṣan aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á sì gbé e kọ́. Púpọ̀ nínú wọn kì í fi eré náà jẹun. Olùkọ́ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá náà sì wà láàárín wọn.

Oríṣi ènìyàn méjì ló máa ń tọ̀ mí wá nígbà náà. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá sinmi, ṣé gbogbo ohun tí mo ti ń kó jọ láti oṣù Kẹta kò ní dànù?” Ẹnì kejì ò tilẹ̀ ní béèrè nǹkan kan. Ó ti pinnu pé bí òun ṣe ṣe é ní oṣù Keje lòun máa ṣe é ní oṣù Kejìlá, òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́. Ìdáhùn kan náà ni mo ní fún àwọn méjèèjì. Ara kì í pàdánù gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í fi iye àkókò kan náà kọ́ gbogbo nǹkan. Ohun kan ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn ń dúró fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí tó ń yára lọ àti èyí tó ń pẹ́ yóò mọ ohun tó yẹ kó fi ìgbà ọ̀gìnnìtìn ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹni tí eré yìí ṣàjèjì sí: ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, 1974, ènìyàn 46 péjọ sí Mission Bay ní San Diego, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fún ìdíje tí wọ́n pè ní triathlon. Eré náà wọ Òlíńpíìkì ní Sydney ní 2000. Nínú ti Òlíńpíìkì, kìlómítà 1.5 ni lílúwẹ̀ẹ́, kìlómítà 40 ni ti orí kẹ̀kẹ́, 10 sì ni eré sísá, láìsí pé a dúró sinmi láàárín wọn. Ìdajì èyí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ṣe ìgbádùn máa ń kọ́kọ́ dán wò. Ní Leeds, níbi tí Alistair Brownlee tó gba góòlù ní 2012 àti 2016 ti dàgbà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ Jonathan, ojúmọ́ oṣù Kejìlá kúrú gan-an. Ní London pàápàá, tó wà ní gúúsù, ojúmọ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá kò pé wákàtí 8. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, tó ń darí wálé ní aago márùn-ún, òkùnkùn ló ń bá lọ, òkùnkùn ló ń bá bọ̀. Inú ipò yìí ni ìbéèrè wa ti jáde.

Omi ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ

Nígbà tí ènìyàn bá ń ṣe eré ìdárayá déédéé, kíndìnrín rẹ̀ máa ń dá omi àti iyọ̀ dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, ọkàn á kún dáadáa kó tó fún un jáde, ìwọ̀n tó ń tì jáde ní ìlù kan á sì pọ̀. Ìdí nìyí tí ọkàn eléré ìdárayá fi máa ń lù jẹ́jẹ́ nígbà tó bá jókòó: kò nílò ìlù púpọ̀ kó tó gbé iye ẹ̀jẹ̀ kan náà yí ara ká.

Bí eré bá dúró, ara ò rí ìdí tí yóò fi máa gbé omi yẹn kiri mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ń tú u dànù. Ní 1984, Edward Coyle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí eléré ìdárayá 7 tí ara wọn ti le dáadáa dá eré dúró pátápátá fún ọjọ́ 84, wọ́n sì ń wọn iye ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ tí ara wọn lè lò láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní góńgó ọ́síjìn. Nígbà tí ọjọ́ 21 pé, góńgó náà ti fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 56, ó ti fi ìdá 16 wálẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Coyle ṣe iṣẹ́ mìíràn, òun ló sì wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá àwọn eléré tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, tí ọkàn wọn kò ti ẹ̀jẹ̀ jáde tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fa omi sí wọn lára títí ẹ̀jẹ̀ wọn fi pọ̀ tó bó ṣe wà kí wọ́n tó sinmi. Kíá, iye tí ọkàn ń tì jáde ní ìlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ọkàn wọn kò tíì rọ. Ohun tí yóò tì jáde ló dín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ gba dírípù o! Ó lòdì sí òfin eré ìdárayá, eré díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò sì dá omi náà padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá padà dé láti ìsinmi, tí ẹ gun òkè kékeré kan, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ má ṣe rò pé iṣan yín ti yọ́. Omi ẹ̀jẹ̀ ni. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó yí fọ́nrán iṣan ká, èyí tí ọdún púpọ̀ ti gbẹ́ síbẹ̀, kò dín lára àwọn eléré Coyle ní gbogbo ọjọ́ 84 yẹn. Èrò tèmi ni pé ẹni tó parí ìdíje rẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹ kó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì tọkàntọkàn, kó bọ́ aago eléré kúrò lọ́wọ́, kó jẹun, kó sùn, kó bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lọ sí òde tí kò lè lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ohun tí yóò sọnù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí kò ní padà.

Kí la lè gé?

Lẹ́yìn ìsinmi ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀. Robert Hickson, onímọ̀ kan ní Chicago, béèrè ohun tó wúlò jù fún ẹni tí iṣẹ́ àti ọmọ kò jẹ́ kó ráyè: bí mo bá fẹ́ dín eré kù láìpàdánù, kí ni kí n gé? Iye ọjọ́ lọ́sẹ̀ ni? Gígùn eré ni? Àbí bó ṣe le tó? Ìwádìí tó tẹ̀ jáde láàárín 1981 sí 1985 yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ohun kan ṣoṣo ló ń yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn nígbà gbogbo. Ẹni tó yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Àwọn tó bá a ṣe ìwádìí náà kọ́kọ́ ṣe eré líle fún ọ̀sẹ̀ 10, ìṣẹ́jú 40 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Góńgó ọ́síjìn wọn gòkè dáadáa. Lẹ́yìn náà ni dídínkù bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀sẹ̀ 15. Àwọn kan dín ọjọ́ kù láti 6 sí 4, àwọn mìíràn sí 2, ṣùgbọ́n eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣì gùn, ó ṣì le bákan náà. Góńgó wọn kò wálẹ̀. Nígbà mìíràn, ọjọ́ 6 ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n gé ìṣẹ́jú 40 sí 26 tàbí 13. Góńgó náà dúró síbẹ̀. Ìgbà kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ọjọ́ kò dín, ìṣẹ́jú kò dín, líle eré nìkan ni wọ́n dín, ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Góńgó ọ́síjìn já wálẹ̀.

Kí ló fà á? Ìdáhùn kan wà nínú ọ̀nà tí ara ń gbà pe iṣan síṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán ló wà nínú iṣan itan yín, wọ́n sì pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn ìmọ̀lára tirẹ̀ tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn wá. Àgbẹ̀ tó ní ebè díẹ̀ láti kọ kì í bẹ ọ̀wẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ ọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ju agbára ilé lọ ló ń ránṣẹ́ pe àwọn géńdé àdúgbò. Bí ara náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Elwood Henneman ti Yunifásítì Harvard ló ṣàlàyé ìlànà yìí nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1965: ọ̀wọ́ kéékèèké ni ara ń kọ́kọ́ pè, àwọn ńláńlá á tẹ̀ lé e bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i. Ẹni tó bá ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta kò ránṣẹ́ pe àwọn géńdé rẹ̀ rí ní gbogbo àkókò náà. Ọkàn pẹ̀lú kò rí ìdí tí yóò fi kún dé ẹnu.

Ẹni tí kò ráyè, kó di ọjọ́ méjì mú lọ́sẹ̀. Kó gbóná ara fún ìṣẹ́jú 10, kó fi ìṣẹ́jú 3 ṣe é líle tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, kó fi ìṣẹ́jú 3 mí jẹ́jẹ́, kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó sì tutù. Ìṣẹ́jú 50 kò tíì pé. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ẹni tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí òun kò bá lo wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro kà.

Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ní ààyè tirẹ̀

Ẹ dúró ná, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Nínú ìwádìí Hickson yẹn kan náà, àwọn tó gé eré sí ìṣẹ́jú 13 di góńgó ọ́síjìn wọn mú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe eré títí tí yóò fi rẹ̀ wọ́n, wọn kò pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Triathlon sì rèé, pípẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó yẹ ká mọ ibi tí pípẹ́ ń gbé.

Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ni àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà tí à ń pè ní màìtokọ́ńdíríà. Inú wọn ni ọ́síjìn ti ń pàdé ọ̀rá àti ṣúgà, tí agbára fi ń jáde. Ní 1967, John Holloszy ní St. Louis mú kí àwọn eku máa sáré lórí bẹ́líìtì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tó yẹ iṣan wọn wò, agbára àwọn ẹ́ńsáìmù inú màìtokọ́ńdíríà wọn ti di ìlọ́po méjì. Kí ìwádìí náà tó jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkàn nìkan ni eré ń kọ́. Ìyípadà yìí ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó fìdí múlẹ̀, ìdí nìyí tí ìgbà ọ̀gìnnìtìn fi bá a mu: kò sí ìdíje tí yóò já a gbà.

Báwo ni jẹ́jẹ́ ṣe jẹ́jẹ́ tó? Bí ẹ bá lè ki oríkì orílẹ̀ yín lórí kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró mí láàárín ìlà, ó jẹ́jẹ́ tó. Bí ẹ bá ń gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ní Norway, kíyè sí i pé nínú eré tí àwọn ògbóǹtarìgì eléré ìdárayá ń ṣe, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ irú èyí. Àwọn ẹlòmíràn ti wá sọ iye yẹn di òfin Mósè. Èmi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní wákàtí márùn-ún péré lọ́sẹ̀, torí àwọn tí Seiler ń wò ń ṣe ìlọ́po púpọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe tó ń tọ́ka sí ni ẹ jẹ́ ká mú: ẹni tó ń ṣe gbogbo eré rẹ̀ ní àárín, tí kò le tó láti pe àwọn géńdé, tí kò sì jẹ́jẹ́ tó láti jẹ́ kí ara padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ kejì. Eré jẹ́jẹ́ gígùn kan lọ́sẹ̀, nígbà tí ojúmọ́ ọjọ́ Sátidé bá wà, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ inú yàrá, àti ìṣirò kan

Yìnyín orí títì kì í ṣeré. Ọ̀pọ̀ eléré máa ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀rọ nínú yàrá tàbí nínú gáréèjì. Ẹ̀kọ́ físíìsì tó dùn ló wà níbẹ̀, ẹ mú bírò yín.

Ká ní ẹ ń fi 150 wáàtì wa kẹ̀kẹ́. Ara ènìyàn kì í sọ gbogbo oúnjẹ di iṣẹ́. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń dé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ìyókù á di ooru. Èyí túmọ̀ sí pé ara yín ń jó 750 wáàtì, 600 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ooru lásán. Bí ooru náà kò bá rí ọ̀nà jáde, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ara ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70 ń gba nǹkan bí jọ́ọ̀lù 245,000 kó tó gbóná ní dígírì kan. Wáàtì kan jẹ́ jọ́ọ̀lù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ẹ fi 600 pín in: ìṣẹ́jú-àáyá 408. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 7, ẹ ti gba dígírì kan. Kí ìdajì wákàtí tó pé, ibà gidi ni.

Òógùn ló ń gbà wá. Lítà òógùn kan ń gbé nǹkan bí jọ́ọ̀lù 2,400,000 lọ bó bá gbẹ lára. Ní wákàtí kan, 600 wáàtì yóò mú jọ́ọ̀lù 2,160,000 jáde. Bí òógùn nìkan ló máa gbé e, nǹkan bí lítà 0.9 nìyẹn. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: bó bá gbẹ. Òógùn tó kán sílẹ̀ láìgbẹ kò gbé ooru kankan lọ. Lórí títì, eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí yín lára. Nínú yàrá, ẹ ò kúrò lójú kan, atẹ́gùn tó yí yín ká ti gbóná, ó sì ti rin. Fáànù ńlá kan tó kọjú sí àyà yín wúlò ju ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ, mo sì ti rí ẹni tó ra ẹ̀rọ náà tán tí kò ra fáànù.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ooru yìí. Bí ara bá ń gbóná, ó máa ń darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kó lè tutù. Èyí tó ń padà sí ọkàn á dín, ọkàn á wá máa yára lù sí i fún iṣẹ́ kan náà. Bí aago yín bá fi hàn pé ìlù ọkàn fi mẹ́wàá ju ti orí títì lọ, ẹ wo fáànù àti ìgò omi kí ẹ tó sọ pé ara yín ti bàjẹ́. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa, lè ṣe eré ìdárayá dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekú nínú ooru nígbà tí omi ti tán lára lewu fún un ju fún ẹlòmíràn lọ. Kó jẹ́ kí olùkọ́ eré rẹ̀ mọ̀.

Ẹni tó bá yàn láti sáré lóde ní wàhálà tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà ní dígírì 0 kò lè gbé ju nǹkan bí gíráàmù 5 omi lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, ní dígírì 37, ń gbé nǹkan bí 44. Ọ̀nà ọ̀fun yín ló gbọ́dọ̀ pèsè ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó ń mí lítà 60 ní ìṣẹ́jú kan yóò mí mítà onígun mẹ́ta 3.6 ní wákàtí kan. Omi tí afẹ́fẹ́ náà nílò lé ní gíráàmù 100, bí ọ̀nà ọ̀fun tilẹ̀ ń gba díẹ̀ padà nígbà tí èémí bá ń jáde. Gbígbẹ yìí ló ń mú kí àyà àwọn kan fún, kí wọ́n sì máa wúkọ́ lẹ́yìn eré líle nínú òtútù. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí ẹnu àti imú á mú kí omi èémí tó jáde pàdé èyí tó ń wọlé, gbígbóná ara díẹ̀díẹ̀ náà ń ṣèrànwọ́. Bí ibà bá mú yín, ẹ má sáré rárá, nítorí àìsàn tó ń fa ibà náà lè dé iṣan ọkàn.

Omi, irin, egungun

Adágún inú ilé gbóná, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Omi ki tó nǹkan bí ìlọ́po 800 afẹ́fẹ́, bí ẹ bá sì sọ ìyára yín di ìlọ́po méjì, bí omi ṣe ń dènà yín yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ìdí rẹ̀ ń rì nígbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò lè fi agbára rà á. Ìrísí ara ló máa tún ṣe. Ọ̀gìnnìtìn ni àkókò tó dára jù láti san owó fún olùkọ́ kan tí yóò dúró létí adágún wò yín, kí ẹ sì gbà láti lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ irin ló gùn díẹ̀. Lílúwẹ̀ẹ́ àti kẹ̀kẹ́ gígun dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n omi ń gbé ara, gàárì kẹ̀kẹ́ náà ń gbé e. Egungun kì í le láìsí ẹrù. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń dúró de kí ohun kan tẹ̀ ẹ́, kó gbò ó díẹ̀, kó tó fi kálísíọ̀mù kún un. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan fún ọ̀pọ̀ ọdún fi lè ní egungun ẹ̀yìn tí kò nípọn tó. Gbígbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò lè gbé e ju ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ láìsinmi, ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn yóò tóbi bí ajàkadì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí ọpọlọ ṣe ń mọ ọ̀nà pe àwọn géńdé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń mú agbára pọ̀, kí iṣan tó tóbi rárá. Okùn tó so iṣan mọ́ egungun, bí èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, náà ń le, ṣùgbọ́n kò yára, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré. Iṣan lè ṣe tán ní oṣù Kejì, kí okùn gìgísẹ̀ ṣì máa bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù.

Oòrùn tó dé tí kò dé awọ

Ọ̀rọ̀ oòrùn kàn wá, àwa aláwọ̀ dúdú, ju àwọn tó kù lọ. Láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn Britain máa ń rẹlẹ̀ ní ojú ọ̀run, ìtànṣán rẹ̀ tí awọ ara fi ń ṣe fítámìnì D kò sì dé ilẹ̀ tó. Mẹ́láníìnì tó wà nínú awọ dúdú, tó ń dáàbò bò wá lábẹ́ oòrùn Ìbàdàn, tún ń dènà ìtànṣán díẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Fítámìnì D ló ń jẹ́ kí ìfun gba kálísíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀, iṣan náà sì nílò rẹ̀. Ìmọ̀ràn NHS, àjọ ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé kí gbogbo ènìyàn ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ ní ìgbà ìwọ́wé àti ọ̀gìnnìtìn. Fún àwọn tí awọ wọn dúdú, irú wa láti Áfíríkà, gbogbo ọdún ni. Kí àgbàlagbà má kọjá 100 lójúmọ́ bí dókítà kò bá sọ. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹni tó lè sọ iye wáàtì rẹ̀ lóòrọ̀ àti lálẹ́ kò ṣe mọ̀ nípa oògùn kékeré tí kò wọ́n yìí.

Ìgbà tí omi bá ń pè yín padà

Ní oṣù Kẹrin, oòrùn á ràn, àwọn ewé á rú, ara á sì máa yá yín láti bẹ́ sódò. Ẹ ṣe sùúrù. Omi ń gba ooru púpọ̀ kó tó gbóná, jọ́ọ̀lù 4,200 fún dígírì kan nínú kìlógíráàmù kan, ìdí nìyí tí omi òkun tó yí Britain ká fi máa ń tutù jù ní nǹkan bí oṣù Kejì sí Kẹta, nígbà tí atẹ́gùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Omi ń gba ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́ tó wà ní ìwọ̀n kan náà.

Ewu tó kọ́kọ́ dé kì í ṣe pé ara yóò tutù. Ìyẹn ń gba àkókò. Ewu ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni mímí hẹlẹhẹlẹ tí awọ ara ń fà nígbà tí òtútù bá gbá a lójijì: ẹnu á là fúnra rẹ̀, èémí á máa yára, ọkàn á máa sáré. Bí orí bá wà lábẹ́ omi nígbà yẹn, omi ni yóò wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ó máa ń rọlẹ̀. Mike Tipton ní Yunifásítì Portsmouth ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí i pé bí ènìyàn bá wọ omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìdáhùn ara yìí lè dín tó ìdajì. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn kan wò lẹ́yìn oṣù 7, apá kan nínú rẹ̀ ṣì wà lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó wọ odò títí di oṣù Kẹsàn-án tó kọjá kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní oṣù Karùn-ún. Síbẹ̀, kó mú ẹnì kan dání, kó wọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè kanlẹ̀, kó dúró títí èémí yóò fi balẹ̀, kó tó fi ojú bọ omi.